Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀ Ọwọ́, Orúkọ Ta Ni Ká Kọ Sí I?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún báyìí tí mo kọ ìròyìn kan nípa afárá tó já lójú ọ̀nà oko. Ìròyìn náà dùn, kí n má purọ́. Àwọn kan gé e pamọ́. Olóòtú wa, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, sọ pé, "Ọmọ yìí, o gbìyànjú." Orúkọ mi ni wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sókè rẹ̀, orúkọ bàbá mi sì tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo lọ. Dírẹ́bà kan ló gbé mi dé ibẹ̀ lóru, nínú òjò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ wa rì sínú ẹrọ̀fọ̀. Òun ló bọ́ bàtà, tó ká ṣòkòtò, tó wọ inú omi dé orúnkún láti wò ó bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ le. Nígbà tí a débẹ̀, tí àwọn ará abúlé ò fẹ́ dá wa lóhùn, òun ló bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ojú rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, mo ra ẹ̀dà márùn-ún. Mi ò fún un ní ọ̀kan. Bàbá Kàmọ́rù ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ́ Kàmọ́rù. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, mi ò bi í léèrè rí títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, àmọ́ ibi tí mi ò fọkàn sí ni ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ti wá. Mo gbọ́ nípa ìwé kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Ojú ewé 33 ni ìwé náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gba ojú ewé 9 péré. Àwọn ojú ewé 24 tó kù, orúkọ àwọn tó ṣe é àti ibi tí wọ́n ti wá ni wọ́n fi kún un. Orúkọ 5,154! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ìwé sáyẹ́ǹsì nìyí àbí ìwé orúkọ àwọn olùdìbò? Ṣùgbọ́n nígbà tó dalẹ́, tí mo dùbúlẹ̀, Bàbá Kàmọ́rù ni mo rántí, ẹ̀rín ọ̀hún sì kúrò lẹ́nu mi.

Kí ni àwọn èèyàn yìí ṣe gan-an? Nítòsí ìlú Geneva, níbi tí ilẹ̀ Siwísàláǹdì àti ilẹ̀ Faransé ti pààlà, ilé ìwádìí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ CERN. Ọdún 1954 ni orílẹ̀-èdè 12 ní Yúróòpù pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ogun Hitler parí ní 1945. Àwọn tó ń ju bọ́ǹbù sórí ilé ara wọn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló wá jókòó yí tábìlì kan náà ká. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn pé iṣẹ́ ilé náà kò gbọdọ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ogun jíjà, àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀, gbangba ni wọn yóò gbé e sí.

Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà roboto kan sí, tí yíyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Inú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti máa ń rán àwọn ẹ̀rún tíntìntín tí wọ́n ń pè ní proton níṣẹ́ eré sísá. Apá kan á gba ọ̀tún, apá kan á gba òsì, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n forí gbárí. Nígbà tí wọ́n bá forí gbárí bẹ́ẹ̀, ohun mìíràn lè jáde láti inú rẹ̀, tí yóò ti parẹ́ kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní láti gbé ẹ̀rọ kan ka ibẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Méjì tó tóbi jù nínú àwọn ẹ̀rọ aṣọ́nà wọ̀nyí ni ATLAS àti CMS. Ti CMS ni mo fẹ́ sọ, nítorí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Abúlé kan tó ń jẹ́ Cessy, ní ilẹ̀ Faransé, ni CMS wà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó ga tó mítà 15, bí ilé alájà márùn-ún. Ó gùn tó mítà 21. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 14,000. Ńṣe ló dà bí àlùbọ́sà, ìpele kan lórí ìkejì, iṣẹ́ tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe yàtọ̀. Òkìtì òòfà kan wà láàárín rẹ̀ tí agbára rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 100,000 ju ti ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ḿpáàsì lọ. Kódà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún un, ahoro ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n ń ná nígbà náà, iṣẹ́ sì dúró kí àwọn tó ń wádìí nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé lè ṣe tiwọn. Ẹni tó kọ́ ilé yẹn náà, ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ gbọ́ ohun tó wú mi lórí jù. Apá kan nínú ẹ̀rọ yìí, idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Níbo ni wọ́n ti rí idẹ? Kòròfo ọta àgbá ni, ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Rọ́ṣíà, tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan kòròfo tí wọ́n yọ́. Ohun tí wọ́n rọ láti fi pa èèyàn ni wọ́n wá yọ́ láti fi dá àwọn ẹ̀rún inú ayé dúró kí wọ́n lè wọ̀n wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun mọ ohun tó dára ju ìyẹn lọ tí wọ́n fi kòròfo ọta ṣe, mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìpele mìíràn sì wà, ti kírísítálì. Ó wúwo ju irin lọ, síbẹ̀ ó mọ́ gaara bí omi inú ìkòkò. Bí ìmọ́lẹ̀ alágbára bá wọ inú rẹ̀, kírísítálì náà á tàn fìrí, wọ́n á sì fi ìtànná yẹn mọ bí agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó. Kírísítálì 75,848 ni wọ́n nílò. Ilé iṣẹ́ kan ní Bogoroditsk, ní Rọ́ṣíà, ló ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀, Ṣáínà ṣe ìyókù. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ará Pakísítánì ló ṣe ẹsẹ̀ irin tí òòfà ńlá náà dúró lé. Àwọn ará Íńdíà wà lára àwọn tó ṣe ìpele tó wà lẹ́yìn òòfà ọ̀hún. Ọdún 1998 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò láàárín oṣù kan náà, tí gbogbo ayé ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ti Pakísítánì, ẹran ara ti Íńdíà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Òkè ilẹ̀ ni wọ́n ti tò ó pọ̀, lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó wúwo jù tó nǹkan bí 2,000 tọ́ọ̀nù. Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2007 ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú ihò, tí àlàfo tó wà láàárín òun àti ògiri kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn tó ń já jẹnẹréètọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì rí, ẹ mọ ìpayà ìṣẹ́jú márùn-ún péré, tí gbogbo èèyàn á máa pariwo "ẹ rọra, ẹ rọra." Ẹ wá fojú inú wo wákàtí mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ 4 oṣù keje ọdún 2012, àwọn ATLAS àti àwọn CMS jáde síta. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má bàa ti èkejì ṣìnà. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹ̀rún tuntun kan, èyí tí Peter Higgs ti Ìlú Ọba, àti François Englert pẹ̀lú Robert Brout ti Bẹ́ljíọ̀mù, ti fi ọgbọ́n orí sọ lọ́dún 1964 pé ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, òun ló fà á tí àwọn ẹ̀rún mìíràn fi ní ìwúwo. Higgs wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni ọdún 83 ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì nu ún. Brout ti kú ní 2011.

Ní ọdún 2013, wọ́n fún Higgs àti Englert ní ẹ̀bùn Nobel. Ó tọ́ sí wọn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀bùn náà ni pé kò gbọdọ̀ ju ẹni mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó lo ogún ọdún nínú ìgbésí ayé wọn láti wá a rí ńkọ́? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àfi ní ọdún 2025 ni wọ́n wá fi ẹ̀bùn mìíràn, Breakthrough, dá àwọn tó wà ní ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibẹ̀ lọ́lá, wọ́n sì ka èèyàn 13,508 mọ́ ọn. Owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Wọn ò pín in, torí kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá rí gbà? Wọ́n kó o fún àpò ìrànwọ́ tí yóò máa gbé àwọn ọmọ ilé ìwé wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní kí ni gbogbo atótónu lórí orúkọ yìí? Iṣẹ́ ni kí a ṣe, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ṣe é. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ orúkọ kì í ṣe fún ìyìn nìkan. Ẹ wo bí àwọn CMS ṣe ń to tiwọn. Wọn ò wo ẹni tó ṣe jù tàbí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Bí lẹ́tà orúkọ orílẹ̀-èdè bá ṣe tẹ̀ léra ni, Àméníà ló máa ń ṣíwájú. Ẹni tó kú kí ìwé tó jáde, wọn ò yọ ọ́. Wọ́n á fi àmì kékeré kan sí i, wọ́n á ní olóògbé ni.

Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ẹ̀rọ yẹn tán. Ọmọbìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ idẹ. Ẹni tó mọ kírísítálì kò mọ ti òòfà. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dúró lọ́jọ́ náà, "A ti rí i" ni wọ́n sọ. Ta ni "a" yẹn? Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́rìí sí ohun tí kò fojú ara rẹ̀ rí, nítorí pé ó gba ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ irọ́, gbogbo wọn ni yóò jọ tẹ́. Lójú tèmi, ìbúra ni orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí i ń sọ pé, mo gba ọ̀rọ̀ àwọn tó kù, ẹ lè mú mi lé e lórí.

Bí ó bá wá jẹ́ ìbúra, ṣé èèyàn lè bá ẹnikẹ́ni búra?

Oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà wọ Ukraine pẹ̀lú ogun. Ilé ìwádìí kan wà ní ìlú Kharkiv, ní Ukraine, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé CMS. Bọ́ǹbù Rọ́ṣíà bà á lọ́dún yẹn. Ní oṣù kẹta, àwọn ọ̀gá yunifásítì Rọ́ṣíà kọ̀wé síta, wọ́n ní àwọn wà lẹ́yìn ìjọba àwọn. Ẹ fi ara yín sí ipò ará Kharkiv. Iṣẹ́ ti parí, ìwé ti wà nílẹ̀, wọ́n ní kí o wá fi orúkọ rẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yunifásítì tí ọ̀gá rẹ̀ ń kan sáárá sí àwọn tó ń wó ilé rẹ. Ṣé o máa fi sí i?

Àwọn kan ní àwọn ò lè fi sí i. Àwọn mìíràn ní, ẹ dákun, àwọn ará Rọ́ṣíà yìí ti ṣiṣẹ́ yìí láti ogún ọdún sẹ́yìn, ìwé tí ò bá ní orúkọ wọn, irọ́ ló pa. Ọ̀rọ̀ náà di fà-á-ká-jà-á. Fún bí ọdún kan, ìwé wọn jáde, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ èèyàn kankan. Àwọn tó ń kọ orúkọ 3,000 tẹ́lẹ̀ kò kọ ẹyọ kan mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó dákẹ́ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Rọ́ṣíà ló fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ogun náà, kí ìjọba wọn tó ṣe òfin tó lè sọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó wá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, tí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, èmi tí mo jókòó síbi tí kò sẹ́ni tó ń wá mi, n kò ní ẹnu láti pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́dún 2023 ni wọ́n rí ojútùú. Wọ́n fi orúkọ èèyàn sílẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ ilé. Ará Rọ́ṣíà tó ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n kọ yunifásítì rẹ̀ sí, ohun tí wọ́n kọ kò ju pé ó wá láti ilé ẹ̀kọ́ kan tó bá CERN ní àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Belarus.

Fún Yorùbá, ìyà kékeré kọ́ nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá pàdé àlejò, a kì í dúró síbi orúkọ, "Ọmọ ta ni? Agbo ilé wo?" la máa tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ní kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó má dárúkọ ilé bàbá rẹ̀, wọ́n ti gé nǹkan lára rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú bí mi fún wọn. Mo ní ó sàn kí wọ́n yọ wọ́n kúrò pátápátá ju kí wọ́n sọ wọ́n di ọmọ ilé kan-ṣá.

Mo ti yí ọkàn padà. Ilé kì í fi ọwọ́ kan kírísítálì. Èèyàn ló jókòó ti iná ìléru ní Bogoroditsk, èèyàn ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lóru. Àwọn ọ̀gá ilé ló fi orúkọ ilé sẹ́yìn ogun, ilé ni kó pàdánù tirẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́, kí tirẹ̀ dúró. Ó dùn ún, mo mọ̀, ó sì lè má tẹ́ ará Kharkiv lọ́rùn náà. N kò rí èyí tó dára jù ú lọ láàárín irọ́ àti ẹ̀gàn.

Ohun kan ló ṣì ń dà mí láàmú nípa ìwé olórúkọ 5,154 yẹn. Àwọn onífisíìsì àti díẹ̀ nínú àwọn ẹnjiníà ló wà níbẹ̀. Àwọn tó dúró ti kíréènì fún wákàtí mẹ́wàá lọ́jọ́ 28 oṣù kejì, ẹ ò ní bá wọn níbẹ̀. Ẹ ò ní bá àwọn tó yọ́ kòròfo ọta, tàbí àwọn tó ń gbá ilẹ̀ ọ̀nà kìlómítà 27 náà. Kódà níbi tí wọ́n ti gbìyànjú láti kọ gbogbo èèyàn, ibì kan wà tí wọ́n dé tí gègé dúró.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni àdéhùn CERN pẹ̀lú Rọ́ṣíà parí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé iṣẹ́ kó ẹrù wọn. Àwọn kan ti wá iṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn kí ọjọ́ tó pé. Àdéhùn pẹ̀lú ilé ìwádìí Dubna, tó wà nínú Rọ́ṣíà ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè púpọ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀, inú àwọn Ukraine kò sì dùn sí i. Àwọn kírísítálì kò kúrò ní tiwọn. Inú wọn ni ìmọ́lẹ̀ méjì tó jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀rún Higgs ti tàn lọ́dún 2012, wọ́n sì jókòó jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ Cessy lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe wọ́n ti lọ.

Ní tèmi, mo padà sí ilé iṣẹ́ wa àtijọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé owó oṣù bóyá ó lè bá mi wá orúkọ dírẹ́bà kan tí à ń pè ní Bàbá Kàmọ́rù. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀. Ó ní ṣé ó jẹ mí lówó ni? Mo ní rárá, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó ní inú yàrá ẹ̀yìn ni àwọn ìwé àtijọ́ wà, eku ti jẹ díẹ̀ nínú wọn, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.